Ta Ló Ṣe Ọ̀bẹ Yìí?

Inú agolo bisikíìtì tí Màmá Àgbà ń kó bọ́tìnnì, abẹ́rẹ́ àti òwú ìránṣọ sí ni mo ti rí ọ̀bẹ náà nígbà ìsinmi Àjíǹde. Kò gùn ju ìka àárín mi lọ. Irin rẹ̀ ká wọ inú èkù bí ìgbín tó fà sínú ìkarawun, ìpẹtà sì ti lẹ̀ ẹ́ mọ́bẹ̀ pátápátá. Ọ̀bẹ àpò Bàbá Àgbà ni. Tísà ni wọ́n nígbà ayé wọn. Ọ̀bẹ yìí ni wọ́n fi ń gbẹ́ pẹ́ńsù àwọn ọmọ kíláàsì wọn, òun náà ni wọ́n sì fi ń bó ọsàn bí wọ́n bá jókòó sábẹ́ igi lẹ́yìn iṣẹ́.

Mo fẹ́ ṣe ohun tí yóò ya Màmá Àgbà lẹ́nu. Mo rẹ ọ̀bẹ náà sínú kẹrosíìnì mọ́jú, mo fi ìdí ṣíbí ṣí i, mo sì mú sáńpépà, mo fi ha á títí ó fi ń dán bíi dígí. Ọwọ́ ro mí, ṣùgbọ́n inú mi dùn. Nígbà tí mo gbé e fún wọn, wọ́n gbé e sójú oòrùn, wọ́n yí i síwá, wọ́n yí i sẹ́yìn, wọ́n ní, “Ó mọ́ o. Ìràwọ̀ tó wà lára rẹ̀ ńkọ́?”

Kò sí ìràwọ̀ kankan mọ́. Mo ti ha á dànù. Ohun tó ṣẹ́kù nídìí irin náà, níbi tó ti fẹ́ wọnú èkù, ni lẹ́tà mẹ́rin tí wọn kò fi bẹ́ẹ̀ hàn: IELD. Lẹ́tà mẹ́rin yìí ló gbé mi dé ìlú Sheffield ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé n kò wọ ọkọ̀ òfuurufú rí.

Ó yẹ kí n kọ́kọ́ sọ pé àwọn ará Sheffield kọ́ ló kọ́kọ́ ronú kan ọ̀bẹ tó ń ká. Ní Hallstatt, ní orílẹ̀-èdè Austria, àwọn awalẹ̀pìtàn hú ọ̀kan tó ní èkù eegun, tí ọjọ́ orí rẹ̀ ju 2,500 ọdún lọ. Àwọn ará Róòmù àtijọ́ náà ní tiwọn. Ìdí tí ènìyàn fi ń wá irú ọ̀bẹ bẹ́ẹ̀ kò ṣòro láti mọ̀. Ọ̀bẹ tí kò ní àkọ̀ á gé aṣọ, á gé itan ẹni tó gbé e, ẹnu rẹ̀ á sì tètè kú. Ọ̀bẹ tó ń ká gbé àkọ̀ rẹ̀ dání. Èkù rẹ̀ náà ni àkọ̀ rẹ̀.

Ṣùgbọ́n nínú ọ̀pọ̀ ọ̀bẹ àtijọ́ wọ̀nyẹn, bí ìṣó ṣe fún irin mọ́ èkù nìkan ló dá irin dúró. Ohun tó sọ ọ̀bẹ àpò di èyí tí a mọ̀ lónìí ni sípíríǹgì: pẹlẹbẹ irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí wọ́n fi sí ẹ̀yìn èkù, tó ń ti ìdí irin ọ̀bẹ bí ọmọ tó fi ẹ̀yìn ti ilẹ̀kùn. Bí a bá ń ṣí ọ̀bẹ, ìdí irin á gbé sípíríǹgì sókè díẹ̀. Bó bá ti ṣí tán, sípíríǹgì á jábọ́ padà sáyè rẹ̀, á sì dún kẹ́! Ohùn yẹn ni àwọn tó mọ iṣẹ́ náà fi ń dá ọ̀bẹ lẹ́jọ́. Wọ́n ní ọ̀bẹ tó dáa máa ń rìn, ó sì máa ń sọ̀rọ̀. Ti Bàbá Àgbà ń rìn díẹ̀díẹ̀ lẹ́yìn tí mo fi kẹrosíìnì rẹ ẹ́, ṣùgbọ́n kò sọ̀rọ̀.

Sheffield wà láàárín òkè. Odò márùn-ún ló ń ṣàn wá síbẹ̀: Don, Sheaf, Porter, Rivelin àti Loxley. Láti ara Sheaf ni ìlú náà ti mú orúkọ rẹ̀. Nítorí pé orí òkè ni omi ti ń bọ̀, ó máa ń sáré, omi tó ń sáré sì lè yí àgbá kẹ̀kẹ́ onígi ńlá, àgbá kẹ̀kẹ́ náà á sì máa yí òkúta tí wọ́n fi ń pọ́n irin. Òkúta fúnra rẹ̀ wà nínú àwọn òkè ìtòsí, igi tí wọ́n fi ń ṣe èédú sì pọ̀. Ẹni tó bá dé Sheffield lónìí ṣì lè rí ibi ìpọ́nbẹ kan tí omi ń yí, tí wọ́n ń pè ní Shepherd Wheel, lẹ́gbẹ̀ẹ́ odò Porter. Òkìkí ọ̀bẹ ìlú náà ti pẹ́. Geoffrey Chaucer, akéwì Gẹ̀ẹ́sì tó kú ní 1400, sọ̀rọ̀ nínú ìtàn rẹ̀ kan nípa ọkùnrin kan tó ń lọ ọkà, tó fi ọ̀bẹ Sheffield há inú ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀.

Ní 1624, Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe òfin tó dá ẹgbẹ́ àwọn alágbẹ̀dẹ ọ̀bẹ sílẹ̀ ní Hallamshire, agbègbè tí Sheffield wà. Ẹgbẹ́ náà ló ń rí sí i pé ọmọ ìkọ́ṣẹ́ lo ọdún méje lọ́dọ̀ ọ̀gá kó tó gba òmìnira. Ẹgbẹ́ náà ló sì ń fún ọ̀gá kọ̀ọ̀kan ní àmì tirẹ̀, tí yóò máa tẹ̀ sára irin, tí ẹlòmíràn kò gbọdọ̀ lò. Ẹgbẹ́ yìí wà títí di òní, wọ́n sì ń yan olórí tuntun lọ́dọọdún.

Ẹnì kan tí mo fẹ́ràn nínú ìtàn yìí ni Benjamin Huntsman. Kì í ṣe alágbẹ̀dẹ ọ̀bẹ rárá. Aago ló ń ṣe ní Doncaster, irin tó ń rà fún sípíríǹgì aago kò sì tẹ́ ẹ lọ́rùn, torí pé ibì kan nínú irin kan náà á le, ibòmíràn á rọ̀. Ní nǹkan bí 1740, ó rí ọgbọ́n kan dá nítòsí Sheffield: ó kó irin sínú ìkòkò amọ̀, ó fi iná tó gbóná gan-an yọ́ ọ di omi, ó sì dà á kó dì. Irin tó jáde dọ́gba látòkèdélẹ̀. Wọ́n ní àwọn alágbẹ̀dẹ ọ̀bẹ Sheffield kọ̀ ọ́ lákọ̀ọ́kọ́, pé ó ti le jù, tó fi jẹ́ pé àwọn ará Faransé ló ń ra irin Huntsman. Ìgbà tí ọ̀bẹ Faransé bẹ̀rẹ̀ sí í gba ọjà mọ́ wọn lọ́wọ́ ni ojú wọn tó là. Aláago kan tí nǹkan kò tẹ́ lọ́rùn ló fún ọ̀bẹ wọn ní irin tó sọ ọ́ di ọ̀bẹ gbogbo ayé.

Àwọn àgbà wa sọ pé bí ọ̀bẹ ṣe mú tó, kò lè gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Ní Sheffield, ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe òwe lásán, bí iṣẹ́ ṣe pín gan-an nìyẹn. Lọ́dọ̀ wa, alágbẹ̀dẹ kan náà ló ń fín ewìrì, tó ń fi owú lu irin, tó sì ń pọ́n ọkọ́ títí yóò fi délé oníbàárà. Ní ti ọ̀bẹ àpò Sheffield, ó kéré tán, ọwọ́ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló máa ń kàn án. Ẹni àkọ́kọ́ ló ń rọ irin: á fi iná sí i, á lù ú di ojú ọ̀bẹ, á tẹ àmì ilé iṣẹ́ sídìí rẹ̀ nígbà tó ṣì gbóná, á sì rì í bọ omi tàbí òróró kó lè le. Ẹnì kejì ló ń pọ́n ọn. Ẹnì kẹta ló ń kó gbogbo rẹ̀ jọ: irin, sípíríǹgì, awẹ́ idẹ méjì tó wà nínú, àti ìwo tàbí eegun tó wà lóde. Ẹni yìí ló ń fi fáìlì mú kí ohun gbogbo bára mu, tó ń fi ìṣó wẹ́wẹ́ dè wọ́n pọ̀, tó sì ń dán an wò títí yóò fi sọ̀rọ̀. Púpọ̀ nínú wọn kì í ṣe òṣìṣẹ́ olóṣù. Wọ́n ń háyà yàrá kékeré tàbí àyè kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkúta tí ń yí, wọ́n ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ ńlá, wọ́n sì ń gba owó iye tí wọ́n bá ṣe. “Ọ̀gá kékeré” ni ìtumọ̀ orúkọ tí ìlú ń pè wọ́n. Nínú ìtàn tí mo ń kọ yìí, àwọn ni mo kà sí ọ̀gá.

Ẹni tó ń pọ́n ọ̀bẹ ló jìyà jù. Á gun ìjókòó onígi kan bí ẹni gun ẹṣin, á tẹ̀ síwájú lé òkúta tó ń yí lójú eré, eruku òkúta àti ti irin á sì máa fẹ́ sí i nímú láti òwúrọ̀ di alẹ́. Àwọn kan ń fi omi sí òkúta wọn, àwọn mìíràn ń pọ́n ní gbígbẹ. Dókítà Arnold Knight tó ń tọ́jú wọn ní Sheffield sọ pé ẹni tó ń pọ́n ní gbígbẹ kì í sábà lò ju ọdún 35 láyé, ẹni tó ń fi omi pọ́n kì í sì í sábà kọjá 45. Friedrich Engels fi ọ̀rọ̀ náà sínú ìwé rẹ̀ ní 1845. Ẹ̀dọ̀fóró ni eruku náà ń bà jẹ́. Ohun tó dùn mí jù ni pé ẹ̀rọ tí yóò máa fa eruku kúrò wà nígbà náà, ṣùgbọ́n àwọn òṣìṣẹ́ kan kọ̀ ọ́. Ẹ̀rù bà wọ́n pé bí àwọn bá ń pẹ́ láyé, èrò á pọ̀ lẹ́nu iṣẹ́, owó iṣẹ́ á sì já wálẹ̀. Mo ka ibẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì kí n tó gbà pé ohun tí mo kà nìyẹn.

Nítorí náà, nígbà tí a bá rí orúkọ lára ọ̀bẹ, kì í ṣe orúkọ àwọn wọ̀nyí ni a rí. Orúkọ ilé iṣẹ́ tó gba ọ̀bẹ lọ́wọ́ wọn tó sì tà á ni. Bó tilẹ̀ rí bẹ́ẹ̀, àmì yìí wúlò fún ẹni tó ń wá ìtàn, ìdí sì nìyí tí n kò fi lè dárí ji ara mi lórí ọ̀rọ̀ sáńpépà. Ẹ jẹ́ kí n fi ilé iṣẹ́ kan ṣe àpẹẹrẹ. Joseph Rodgers ni ilé iṣẹ́ ọ̀bẹ tó lókìkí jù ní Sheffield. Ìràwọ̀ kan àti àgbélébùú kan tó ṣẹ́nu mẹ́rin bí òdòdó ni àmì wọn. Wọ́n ti forúkọ àmì náà sílẹ̀ lọ́dọ̀ ẹgbẹ́ ní 1682, ó sì di ti ìdílé Rodgers ní 1764. Bí ọ̀bẹ Rodgers bá ní adé pẹ̀lú lẹ́tà V àti R, ìgbà ayé Ọbabìnrin Victoria ló ń tọ́ka sí, láàárín 1837 sí 1901. Bí ọ̀rọ̀ ENGLAND bá wà lára ọ̀bẹ Sheffield, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ lẹ́yìn 1890 ni wọ́n ṣe é, torí ọdún yẹn ni Amẹ́ríkà ṣe òfin pé gbogbo ọjà tó bá ń wọlé láti òkèèrè gbọ́dọ̀ ní orúkọ orílẹ̀-èdè tó ti wá. Àyè tí kò tó ìdajì èékánná ni gbogbo èyí ń gbé. Sáńpépà náírà díẹ̀ ti tó láti pa gbogbo rẹ̀ rẹ́.

Ẹ ó wá sọ pé Màmá Àgbà ṣáà rántí ìràwọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni. Inú mi dùn púpọ̀ nígbà tí mo kà nípa Rodgers, mo sì sáré lọ bá wọn: “Ẹ̀yin mà, ṣé àgbélébùú wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìràwọ̀ náà?” Wọ́n ronú, wọ́n ní ó dà bí ẹni pé ohun kan wà níbẹ̀, ó lè jẹ́ àgbélébùú, ó lè jẹ́ òdòdó. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn ni mo mọ ohun tí mo ṣe. Èmi ni mo fi àgbélébùú sí wọn lẹ́nu. Ká ní mo ti bi wọ́n pé “Kí ló tún wà níbẹ̀?” kí n sì dákẹ́, ẹ̀rí wọn ì bá lágbára ju báyìí lọ. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ìràwọ̀ nìkan kò tó, torí pé àwọn tó ń fara wé àmì Sheffield pọ̀. Ní ọ̀rúndún 19, àwọn kan ní ìlú Solingen ní Jámánì ń tẹ orúkọ Sheffield sára ọ̀bẹ tí kò dé Sheffield rí. Ariwo tí àwọn ọlọ́bẹ Sheffield pa wà lára ohun tó mú kí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe òfin lórí àmì ọjà ní 1887, tó sọ pé ọjà òkèèrè kò gbọdọ̀ dibọ́n bí ọjà ilé. N kò wá sọ pé ọ̀bẹ Solingen kò dáa o. Ọ̀bẹ wọn dáa gan-an nígbà tí wọ́n fi orúkọ ara wọn sí i.

Nígbà tí ọwọ́ Sheffield ròkè, wọ́n ń ṣe ọ̀bẹ àrà. Rodgers gbé ọ̀kan tó ní irin 75 lọ sí àfihàn ńlá tó wáyé ní London ní 1851. Wọ́n tún ní òmíràn tí wọ́n ṣe ní 1822 pẹ̀lú irin 1,822, tí wọ́n wá ń fi irin kan kún un lọ́dọọdún. Irú ọ̀bẹ bẹ́ẹ̀ kò lè bó ọsàn, ẹ jẹ́ kí a fi í sílẹ̀ síbẹ̀. Ohun tó kàn wá ju ìyẹn lọ ni èkù. Ìwo ẹfọ̀n, ìwo àgbọ̀nrín, eegun màlúù, ìkarawun òkun tó ń kọ mọ̀nà, àti eyín erin. Rodgers ní yàrá tí eyín erin kún inú rẹ̀ bí igi ìdáná, púpọ̀ nínú rẹ̀ sì wá láti ilẹ̀ Áfíríkà. Ẹni tó bá ń tún irú ọ̀bẹ bẹ́ẹ̀ ṣe lónìí kò gbọdọ̀ kàn dìde lọ ra eyín erin tuntun, òfin ń ṣọ́ ọ. Èkù ọ̀bẹ tísà kò wọ́n tó bẹ́ẹ̀. Eegun ni ti Bàbá Àgbà, ó ti pọ́n bí àgbàdo sísun níbi tí àtàǹpàkò wọn máa ń wà.

Báwo ni iṣẹ́ náà ṣe wá bẹ̀rẹ̀ sí í kú? Òfin Amẹ́ríkà ti 1890 tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan bu owó ibodè gọbọi lé ọ̀bẹ òkèèrè, Amẹ́ríkà sì ni ọjà Sheffield tó tóbi jù. George Wostenholm, tí ọ̀bẹ rẹ̀ ń jẹ́ I*XL, èyí tó túmọ̀ sí “mo tayọ”, ní ilé iṣẹ́ ńlá kan tó ń jẹ́ Washington nítorí àwọn oníbàárà rẹ̀ lọ́hùn-ún. Wọ́n ti wó ilé náà báyìí. Ogun àgbáyé méjèèjì kó àwọn ọ̀dọ́ lọ. Ẹ̀rọ ń tẹ ọ̀bẹ jáde ní orílẹ̀-èdè mìíràn kí ọwọ́ tó parí ẹyọ kan. Pẹ́ńsù ní ohun tí a fi ń gbẹ́ ẹ, bírò gba ipò pẹ́ńsù, àwọn ènìyàn kò sì gbé ọ̀bẹ sápò mọ́. Àwọn ilé iṣẹ́ ńlá tì, orúkọ wọn di ohun tí àwọn mìíràn ń rà bí ẹni ra ilẹ̀.

Stan Shaw jẹ́ ọ̀kan lára àwọn tó kẹ́yìn. Wọ́n bí i ní 1926. Ọmọ ọdún 14 ni nígbà tó wọ ilé iṣẹ́ George Ibberson láti kọ́ṣẹ́ ọ̀bẹ oní-sípíríǹgì. Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pín ṣe tẹ́lẹ̀, òun nìkan ló wá ń ṣe é láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin nígbà tó dàgbà. Nígbà ogbó rẹ̀, wọ́n fún un ní yàrá iṣẹ́ nínú ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Kelham Island ní Sheffield, àwọn ọmọ iléèwé sì lè dúró kí wọ́n máa wò ó. Lára irinṣẹ́ rẹ̀ ni ohun ìlu kan tó ń fi ọrun àti okùn yí, tí oníṣẹ́ á fi àyà tì, láti fi gbẹ́ ojú ihò tí àmì fàdákà kékeré yóò jókòó sí lára èkù. Ó kú ní 2021, ẹni ọdún 94. Àwọn díẹ̀ ṣì ń ṣe ọ̀bẹ àpò ní Sheffield, títí kan àwọn ọ̀dọ́, ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ Heritage Crafts ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ka ṣíṣe ọ̀bẹ tó ń ká mọ́ àwọn iṣẹ́ ọwọ́ tó wà nínú ewu.

Ibi tí ọ̀rọ̀ àtúnṣe ti wọlé nìyí. Nígbà tí iṣẹ́ yìí ṣì ń gbóná, títún ọ̀bẹ ṣe kì í ṣe nǹkan bàbàrà. Irin á ṣẹ́, ẹni tó ń ṣe ọ̀bẹ á fi òmíràn rọ́pò. Àwọn ará Faransé ní ọ̀rọ̀ àwàdà kan nípa ọ̀bẹ Jeannot: ó pààrọ̀ irin rẹ̀, ó pààrọ̀ èkù rẹ̀, ó ṣì ń pè é ní ọ̀bẹ rẹ̀ àtijọ́. Ṣùgbọ́n lónìí tí kò sí ẹni tó ń ṣe àwọn ọ̀bẹ wọ̀nyẹn mọ́, gbogbo ohun tí alátùn-únṣe bá yọ kúrò ti lọ nìyẹn.

Ohun tí ó yẹ kí n ṣe, gẹ́gẹ́ bí mo ṣe wá kọ́ ọ, rọrùn ju ohun tí mo ṣe lọ. Òróró díẹ̀ ni kí n kán sí oríkèé ọ̀bẹ, kí n fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan, kí n má fipá ṣí i. Kí n fi igi ṣóńṣó, kì í ṣe irin, họ ẹrẹ̀ àti òwú àpò kúrò nínú ihò èkù. Ìpẹtà pupa ni ọ̀tá. Òróró àti ìnura á mú púpọ̀ nínú rẹ̀ kúrò. Àwọ̀ eérú tó dúdú díẹ̀ tó wà lábẹ́ rẹ̀ kì í ṣe ìdọ̀tí. Ọjọ́ orí irin ni, ó tilẹ̀ ń ràn án lọ́wọ́ kó má tètè dípẹtà. Nídìí irin, níbi tí àmì wà, ìka àti òróró nìkan ni kó kàn án. Bí ẹnu bá kú, òkúta ìpọ́nbẹ tó tutù ni kí a lò, kì í ṣe ẹ̀rọ oníná tó ń ta ìpàǹpá. Bí ẹnu ọ̀bẹ bá gbóná títí ó fi yí àwọ̀ padà sí búlúù, líle tí alágbẹ̀dẹ fún un ti bọ́ nìyẹn, kò sì ní mú pẹ́ mọ́.

Iṣẹ́ tó le ni ti sípíríǹgì tó ṣẹ́. Alátùn-únṣe gbọ́dọ̀ lu ìṣó jáde láì la eegun èkù, kó gé sípíríǹgì tuntun láti ara irin, kó fi fáìlì bá a wí títí yóò fi rí bí ti àkọ́kọ́. Lẹ́yìn náà, yóò mú un pọ́n nínú iná, yóò rì í bọ òróró. Ní báyìí, ó le, ṣùgbọ́n ó lè fọ́ bí àwo. Yóò wá nù ún kó dán, yóò sì tún rọra yá a níná, kí ó máa wo àwọ̀ rẹ̀: á kọ́kọ́ rí bíi koríko gbígbẹ, á di àwọ̀ ilẹ̀, á di àlùkò, á di búlúù. Nígbà tó bá di búlúù ni kó gbé e kúrò. Bó bá ti yá jù, sípíríǹgì á máa tẹ̀, kò ní padà. Bó bá gbé e kúrò kó tó dé ibẹ̀, á tún ṣẹ́. Kò sí aago tó ń sọ àkókò náà, ojú ló ń sọ ọ́. Nígbà tí wọ́n bá ń fi ìṣó dè é padà, wọ́n á fi òòlù kékeré lu orí ìṣó kó fẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Bí ó bá fún jù, ọ̀bẹ kò ní ṣí. Bó bá dẹ̀, irin á máa mì bí eyín àgbàlagbà.

Èkù kan tún wà tí ènìyàn gbọ́dọ̀ ṣọ́ra fún. Láti ìparí ọ̀rúndún 19, wọ́n ń fi ike àtijọ́ kan tó ń jẹ́ celluloid ṣe èkù, torí pé ó lè fara jọ ìwo àti eyín erin. Bí ọdún bá ti gorí ọdún, ike yìí máa ń jẹrà, á máa tú èéfí kíkan jáde, èéfí náà á sì mú kí irin tirẹ̀ àti ti àwọn ọ̀bẹ tó wà nítòsí rẹ̀ dípẹtà. Ẹni tó bá ní irú rẹ̀ máa ń yà á sọ́tọ̀.

Àwọn tó ń tún ọ̀bẹ àtijọ́ ṣe kò fẹnu kò. Àwọn kan ní ọ̀bẹ ni ọ̀bẹ, iṣẹ́ ni wọ́n ṣe é fún, kó dán, kó mú, kó padà sápò. Àwọn mìíràn ní kí a má fọwọ́ kan ohunkóhun, àfi kí a dá ìpẹtà dúró. Mo ti wà pẹ̀lú àwọn àkọ́kọ́, ẹ sì rí ohun tó ti ìdí rẹ̀ yọ. Síbẹ̀, n kò lè bá àwọn kejì lọ pátápátá. Ọ̀bẹ tí Bàbá Àgbà fi bó ọsàn fún ọ̀pọ̀ ọdún kò yẹ kó di òkú nínú agolo bọ́tìnnì. Àwọn tí mo rò pé wọ́n jẹ̀bi gan-an ni àwọn tó ń kó irin ọ̀bẹ kan pọ̀ mọ́ èkù òmíràn, tí wọ́n ń tẹ àmì èké sí i, tí wọ́n sì ń tà á fún olówó pé láti ayé Victoria ló ti wà bẹ́ẹ̀. Ẹ̀tàn Solingen àtijọ́ ló padà wá yẹn.

Lẹ́yìn gbogbo ìwé kíkà yìí, mo gbé ọ̀bẹ náà lọ bá bàbá kan tó ń tún aago ṣe ládùúgbò wa. Irin rẹ̀ ń mì, mo sì bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n tú u kí n lè rí inú rẹ̀. Wọ́n kọ̀. Wọ́n ní, “Ọmọ mi, bí mo bá tú u, mo máa ní láti ba ìṣó rẹ̀ jẹ́, ìṣó yẹn kò sì tíì ṣẹ̀ mí.” Wọ́n gbé orí ìṣó lé irin kan, wọ́n fi òòlù kékeré kàn án lẹ́ẹ̀mẹta, jẹ́jẹ́, wọ́n kán òróró sí i. Wọ́n ṣí i, wọ́n pa á dé. Ó dún kẹ́!

Lẹ́yìn náà ni wọ́n fi dígí tí wọ́n fi ń wo aago sí mi lójú, wọ́n tan tọ́ọ̀ṣì sínú ihò èkù. Lára idẹ tó wà nínú, níbi tí ọwọ́ ẹni tó ń lo ọ̀bẹ kì í dé, tí sáńpépà mi náà kò sì dé, mo rí ìlà wẹ́wẹ́ tó dà gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. “Fáìlì nìyẹn,” ni bàbá aláago wí. “Ibi tí ọwọ́ ẹni tó ṣe é gbà kọjá rèé. Kò dán an, torí ó mọ̀ pé kò sẹ́ni tó máa wo ibẹ̀.”

Mo ka ìlà mọ́kànlá. Mo yà wọ́n sínú ìwé mi bí wọ́n ṣe dà gan-an, lábẹ́ ibi tí mo kọ IELD sí.